Ẹ wo ilẹ̀ látòkè kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ: bá a ṣe ń fi sátẹ́láìtì àti máàpù mójú tó omi ìlú

Bọ́ọ̀hólù mẹ́ta ni wọ́n gbẹ́ sílùú wa lápá Ìsìn, ní gúúsù Kwara níbí, láàárín ọdún mẹ́rin péré. Owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú la fi gbẹ́ méjì, ẹnì kan tó fẹ́ ṣe ìlú lóore ló gbẹ́ ìkẹta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yọ omi ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ tí kò sẹ́ni tó ń wá omi kiri, ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù kejì, tẹ́ ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ lásán ni pọ̀ǹpù ń fà. Àwọn ìyá wa á tún gbé kẹ́ẹ̀gì padà sí ìsun tó wà lẹ́yìn àkùrọ̀ láago márùn-ún ìdájí. Ó dùn mí gan-an, torí mo wà lára àwọn tó gba owó yẹn jọ, mo mọ ẹni tó ta ewúrẹ́ kó tó rí tiẹ̀ san.

Nígbà tí mo wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Tanke, ní Ìlọrin tí mò ń gbé, tí mo ṣí àwòrán ilẹ̀ ìlú wa, tí mo to bọ́ọ̀hólù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lórí, mo rí i pé ẹ̀yìn òkè gan-an ni méjì nínú wọn wà, níbi tí omi òjò ti ń pín sọ́tùn-ún sósì tó sì ń sá lọ. Ẹni tó gba iṣẹ́ ò wo nǹkan kan, ibi tí ọkọ̀ ẹ̀rọ ẹ̀ lè dé ló gbẹ́. Ká ní a fi ìrọ̀lẹ́ kan péré wo máàpù ni, owó yẹn ò ní ṣòfò. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn, kí ẹlòmíì má bàa tún gbẹ́ ihò sórí àpáta. Mi ò ní kí gbogbo yín di onímáàpù o, ṣùgbọ́n ẹnì kan yẹ kó wà nílùú kọ̀ọ̀kan tó lè ṣe é, àwọn nǹkan tí màá sọ yìí náà, ọ̀fẹ́ lọ̀pọ̀ ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé. Wọ́n á dáńlóòdù àwòrán rẹpẹtẹ, dátà á tán, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀. Bóyá ẹ fẹ́ mọ bí dáàmù yín ṣe ń fà sí láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, tàbí ibi tí omi tó ń wọ odò yín ti ń wá, tàbí kànga wo ló sún mọ́ ṣáláńgá jù. Ìbéèrè tiwa ni pé: níbo ló yẹ ká gbẹ́ ìkẹrin sí tí kò fi ní gbẹ? Gbogbo nǹkan tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, torí ìbéèrè yẹn ni.

Ohun èlò ò pọ̀. Fóònù tó ní GPS, láptọ́ọ̀pù tó ní RAM 8GB (4GB náà á gbìyànjú, àmọ́ ẹ máa ní sùúrù), QGIS (ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù) tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, àti àkáǹtì ọ̀fẹ́ lórí Copernicus Browser, ìkànnì àwòrán sátẹ́láìtì ti àwọn ará Yúróòpù. QGIS yẹn tóbi o, ẹ fi dátà alẹ́ dáńlóòdù ẹ̀.

Ẹsẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀

Mo mọ̀ pé sátẹ́láìtì lẹ bá wá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ gbé ODK Collect tàbí KoboCollect, áàpù tí wọ́n fi ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, sórí fóònù, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ṣe fọ́ọ̀mù kékeré sínú ẹ̀: orúkọ tí àwọn èèyàn ń pe kànga tàbí ìsun yẹn, agboolé tó wà, bí omi ṣe jìn sí, oṣù tó máa ń gbẹ, àti fọ́tò kan. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu kànga, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró kí nọ́ńbà tó wà lójú fóònù, tó ń sọ iye mítà tó lè fi ṣì, wálẹ̀ sí 5 tàbí kó kéré sí i. Lábẹ́ igi ńlá tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gíga, GPS máa ń ṣìnà, ẹ sún síbi tójú ọ̀run ti hàn.

Láti wọn jíjìn omi, mo ra okùn, mo so kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan, mo so òkúta sídìí ẹ̀. Nílé ìyá àgbà kan lẹ́yìn ọjà, mo sọ okùn sílẹ̀, mo gbọ́ nǹkan tó dún kó, mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ti dé. Ìyá ò tiẹ̀ wo inú kànga, ẹ̀gúsí ló ń ṣá lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe omi lo gbọ́ yẹn. Òkúta ló bá òkúta. Omi á dún gbúlú, ohùn ẹ̀ ò ní dá gbẹ báyẹn. Látoṣù tó kọjá ni omi kànga yìí ti wọ abẹ́ àpáta." Ó sọ fún mi pé tòun bá ti rí i pé kókó okùn tòun kọjá ẹnu kànga lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, òun á ti mọ̀ pé ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó gbẹ. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Kò sí sátẹ́láìtì kankan tó lè sọ ìyẹn fún yín, ẹ má fi àwọn àgbà tó ń pọn omi ṣeré rárá, àwọn obìnrin pàápàá.

Ẹ wọn kànga kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán: ìparí oṣù kẹta nígbà tí ilẹ̀ gbẹ jù, àti ìparí oṣù kẹsàn-án nígbà tí omi pọ̀ jù. Iye mítà tó wà láàárín méjèèjì ló máa sọ irú kànga tó jẹ́ fún yín.

Wíwo omi látòkè

Ó wá kan sátẹ́láìtì. Èyí tí mo ń lò jù ni Sentinel-2. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ lọ sókè, ìkejì tẹ̀lé e ní 2017, méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú irú ẹ̀ ń kọjá lórí ibì kan náà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ní ìyálẹ̀ta. Àwòrán ẹ̀ pín sí igun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 10 lóròó, 10 níbùú, ìyẹn ni pé 100 píksẹ́lì ló ṣe hẹ́kítà kan. Ẹ rántí ìṣirò yẹn, a máa lò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ẹ̀yìn jìnnà, Landsat ti àwọn ará Amẹ́ríkà ti wà lókè láti 1972, àmọ́ píksẹ́lì ti Landsat òde òní jẹ́ mítà 30, kò ní rí adágún kékeré dáadáa.

Ẹ wọ Copernicus Browser, ẹ wá ìlú yín, ẹ yan Sentinel-2 L2A, ẹ dín ìkùukùu kù sí bíi 20%, ẹ wá yan ọjọ́. Kẹ́ ẹ fi mọ bó ṣe rí, ẹ kọ́kọ́ fi dáàmù Àsà ní Ìlọrin dánra wò, torí ó tóbi, kò lè pòórá mọ́ yín lójú: ẹ ṣí àwòrán oṣù kọkànlá, ẹ ṣí ti oṣù kẹta, ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Etí omi yẹn ni kẹ́ ẹ wò, ibi tí ilẹ̀ pupa ti yọ. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ NDWI láàárín àwọn léyà tó wà níbẹ̀, omi á yọ ketekete.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé NDWI yẹn, torí tí ò bá yé yín ẹ ò ní mọ ìgbà tó bá ń parọ́. Oòrùn ń ràn sórí gbogbo nǹkan, nǹkan kọ̀ọ̀kan sì ní ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà àti èyí tó ń gbé mì. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tójú èèyàn ò lè rí, wọ́n ń pè é ní infrared. Ewé tútù máa ń dá a padà gan-an, omi ń gbé e mì fẹ́ẹ̀ẹ́ tán. Omi á sì dá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé padà díẹ̀. Torí náà wọ́n yọ infrared kúrò lára aláwọ̀ ewé, wọ́n fi àròpọ̀ méjèèjì pín in, ìyẹn ni NDWI. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí sátẹ́láìtì ń yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ń pè ní bándì: lórí Sentinel-2, bándì 3 ni aláwọ̀ ewé, bándì 8 ni infrared. Ká ní bándì 3 jẹ́ 0.08, bándì 8 jẹ́ 0.03: 0.05 pín sí 0.11, ó fún wa ní nǹkan bíi 0.45, omi nìyẹn. Ká ní oko iṣu ni, bándì 3 jẹ́ 0.06, bándì 8 jẹ́ 0.30: ó di òdì, nǹkan bíi -0.67. Èyí tó bá ju òdo lọ, a máa ń kọ́kọ́ kà á sí omi, lẹ́yìn náà lẹ ó wá sún un sókè tàbí sísàlẹ̀ títí tó fi máa bá ohun tẹ́ ẹ fojú rí mu.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ iye pàtó, ẹ gé apá ìlú yín nìkan, ẹ dáńlóòdù bándì 3 àti 8. Ẹ má dáńlóòdù àwòrán odindi o, ọ̀kan lè súnmọ́ 1GB torí ó fẹ̀ tó kìlómítà 100 lóròó àti níbùú. Ẹ ṣí i nínú QGIS, ẹ lọ sí Raster Calculator, ẹ kọ ìṣirò yẹn síbẹ̀, ẹ ní kó fún gbogbo ibi tó ju òdo lọ ní 1, ìyókù 0. Ẹ ka àwọn 1 yẹn. Ká ní ẹ rí 1,400 ní oṣù kọkànlá, hẹ́kítà 14 nìyẹn, tó bá wá di 800 ní oṣù kẹta, hẹ́kítà 8 ló kù. Tẹ́ ẹ bá ṣe é fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, lóṣù kan náà, ẹ lè gbé e lọ síwájú ẹnikẹ́ni tó ń ṣàkóso omi, kò ní lè sọ pé àsọdùn ni.

Ẹ má gbàgbé pé fífẹ̀ omi lẹ̀ ń rí o, kì í ṣe jíjìn. Dáàmù tí ẹrẹ̀ ti kún ìsàlẹ̀ ẹ̀ lè fẹ̀ bó ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí omi inú ẹ̀ ti dín kù. Ìyẹn, ọkọ̀ ojú omi àti igi gígùn la fi ń wọ̀n ọ́n.

Ibi tí àwòrán ti ń tanni

Mo ti jìyà ẹ̀, torí náà ẹ fara balẹ̀ ka ibí.

Òrùlé páànù. Ní Ìlọrin níbi táwọn ilé ti há mọ́ra, NDWI lè pe òrùlé ní omi. Ẹ fi bándì 11 dípò bándì 8, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní MNDWI, ó máa ń ya ilé sọ́tọ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà 20 ni píksẹ́lì tiẹ̀.

Ewéko orí omi. Ẹ ṣáà mọ ohun táwọn baba wa máa ń wí, pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Sátẹ́láìtì náà gbà bẹ́ẹ̀, ohun tó lékè yẹn nìkan ló ń rí. Adágún tí ojúoró ti bò, ewé ni NDWI máa pè é, ẹ ó sì rò pé omi ti gbẹ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí adágún kan lápá Òró, mo ti kọ ọ́ pé ó ti dín kù gidigidi, ìgbà tí mo débẹ̀ lórí ọ̀kadà mo rí i pé ó kún dẹ́nu, ewé ló bò ó.

Ìkùukùu àti òjìji ẹ̀. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí àwòrán tó mọ́ lápá ọ̀dọ̀ wa. Òjìji ìkùukùu dúdú bí omi, òun náà máa ń tanni. Nígbà yẹn, Sentinel-1 ni kẹ́ ẹ lò, rédà ló ń lò, kì í bẹ̀rù ìkùukùu tàbí òru, ibi tí omi bá ti pa rọ́rọ́ á yọ dúdú. Òun la fi ń mọ ibi tí àgbàrá bò lọ́jọ́ tójú ọ̀run ṣú. Ọyẹ́ náà ní ìyọnu tiẹ̀, ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní eruku máa ń mú gbogbo àwòrán rí bíi pé wọ́n da wàrà sí i, ẹ fo ọjọ́ yẹn, ẹ mú èyí tó tẹ̀lé e.

Tí orí bá sì ń ro yín, Global Surface Water wà, wọ́n ti ṣe ìṣirò yẹn fún gbogbo ayé láti 1984 pẹ̀lú àwòrán Landsat, ẹ kàn máa wo ibi tí omi ti wà títí ọdún àti ibi tó ń wá tó ń lọ.

Ibi tí omi ti ń wá

Omi kì í gun òkè. Tẹ́ ẹ bá ti ní gíga ilẹ̀, ẹ ti mọ ọ̀nà tó máa gbà. Ní oṣù kejì ọdún 2000, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé rédà sínú ọkọ̀ wọn tó ń yí ayé po lójú sánmà (space shuttle) fún ọjọ́ 11, wọ́n fi wọn gíga ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, ìyẹn ni SRTM. Èyí tó tún dé lẹ́yìn ẹ̀, tí mo fẹ́ràn jù, ni Copernicus DEM (DEM ni àwòrán tó ń sọ gíga ilẹ̀). Méjèèjì ní píksẹ́lì mítà 30, ẹ máa rí wọn gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí OpenTopography.

Kó tó di nǹkan kan, ẹ yí i padà sí UTM zone 31N, ìlànà máàpù tó ń fi mítà wọn ilẹ̀, kóòdù ẹ̀ ni EPSG:32631, òun ló bá gbogbo gúúsù Kwara àti Ìlọrin mu. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wá, ìwọ̀n ẹ̀ kò ní jẹ́ mítà, gbogbo ìṣirò yín á dàrú, ẹ ò sì ní mọ ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú QGIS, ẹ ṣí Processing Toolbox, ẹ wá r.watershed lábẹ́ GRASS. Ibi tó ti ń béèrè iye píksẹ́lì tó kéré jù, mo máa ń fi 500 sí i, ìyẹn hẹ́kítà 45, kó má bàa pe gbogbo gọ́tà ní odò. Ó máa ya ojú odò fún yín, ó tún máa fún yín ní àwòrán ibi tí omi ń dojú kọ. Ẹ mú àwòrán yẹn, ẹ lo r.water.outlet, ẹ tẹ ibi tí dáàmù tàbí afárá yín wà, ó máa ya gbogbo ilẹ̀ tí omi ẹ̀ ń ṣàn wá síbẹ̀. Ẹ sún un mọ́ra dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o, tí ò bá bọ́ sórí ìlà odò gan-an, ilẹ̀ kékeré báyìí ló máa yà fún yín, ẹ ó rò pé ó ti bàjẹ́.

Ilẹ̀ tó yà yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí lójú tèmi. Ẹni tó bá ń gé igi, tó ń sun igbó, tàbí tó ń da pàǹtí nínú ìlà yẹn, omi yín ló ń fọwọ́ kàn, ì báà jẹ́ ìlú míì ló wà. Ìlú méjì lè máa bára wọn jà lórí ẹ̀ láìmọ̀ pé odò kan náà ni wọ́n ń mu.

Ìṣirò òjò náà ò le. Òjò mílímítà 1 lórí hẹ́kítà 1 jẹ́ lítà 10,000. Ìlọrin ń rí nǹkan bíi mílímítà 1,200 lọ́dún. Tí ilẹ̀ tó ń fún odò yín lómi bá jẹ́ hẹ́kítà 300, ẹ ṣírò ẹ̀, ó ju bílíọ̀nù lítà mẹ́ta lọ. Oòrùn ń fà lára ẹ̀, igi ń mu lára ẹ̀, púpọ̀ ń sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kì í ṣe pé Ọlọ́run ò rọ̀jò fún wa. Òrùlé tó jẹ́ mítà 10 sí mítà 10 pàápàá, lítà 120,000 ló ń bọ́ sórí ẹ̀ lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ òjò ìlú tiyín lọ́dọọdún, CHIRPS, àkọsílẹ̀ òjò tí wọ́n fi sátẹ́láìtì ṣe, ní ti ọdún 1981 títí di ìsinsìnyí, ẹ máa rí i lórí ìkànnì Climate Engine láìkọ kóòdù kankan. Igun mẹ́rin tiẹ̀ tó bíi kìlómítà márùn-ún, torí náà ẹ má retí pé ó máa sọ òjò agboolé yín.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ ilẹ̀

Sátẹ́láìtì ò rí omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun fi sátẹ́láìtì rí i, tó ní kẹ́ ẹ mówó wá, ẹ sá fún un. Ohun tó ń rí ni àmì.

Ilẹ̀ wa níbí, àpáta líle ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Omi kì í jókòó sínú àpáta bẹ́ẹ̀ yẹn, inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta ló ń wà, àti inú ibi tí àpáta ti là. Ìlà àpáta yẹn máa ń hàn lókè ilẹ̀: odò tó lọ tààrà bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, àfonífojì gígùn tóóró, igi tó to ara wọn tí ewé wọn ṣì tutù nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ti pọ́n. Ẹ fi DEM yín ṣe hillshade nínú QGIS, ìyẹn àwòrán tó ń fi òjìji hàn bíi pé oòrùn ń ràn sórí òkè àti àfonífojì. Ó máa ń fi ìmọ́lẹ̀ sí 315 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, 0 ni àríwá, 90 ni ìlà oòrùn), ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú 0, 45, àti 90, torí ìlà tó bá lọ síbi kan náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ máa ń fara pamọ́. Ẹ wo apá Ọ̀wá-Kájọlà tí ìtàkùn omi Ọ̀wù wà, ẹ máa rí bí ilẹ̀ ṣe já wálẹ̀ lójijì, á kọ́ ojú yín. Ẹ fa àwọn ìlà yẹn sórí léyà tuntun. Ibi tí ìlà méjì bá ti pàdé, tí ilẹ̀ sì rẹlẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọkàn sí.

Kẹ́ ẹ wá pe onímọ̀ tó ń fi iná kékeré wọn ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní VES, wọ́n á kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n á máa sún un jìnnà síra wọn. Máàpù yín ò ní gbapò ẹ̀, àmọ́ dípò kó wọn ilẹ̀ káàkiri, ẹ ó mú un lọ síbi mẹ́ta mẹ́rin tó dáa. Ẹ má sì gbẹ́ ẹ nígbà òjò. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ti lọ sísàlẹ̀ jù, kí wọ́n fi pọ̀ǹpù fà á fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójú yín, kí wọ́n máa wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Tó bá dúró nígbà yẹn, ó máa dúró. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ ní oṣù kẹsàn-án tí wọ́n ní omi pọ̀ níbẹ̀, omi òjò ni wọ́n fi hàn yín.

Ohun kan tó ya mí lẹ́nu: mo fa róbótó mítà 30 yí kànga kọ̀ọ̀kan ká nínú QGIS, Buffer ni wọ́n ń pè é, mo sì to àwọn ṣáláńgá tá a ti kọ sílẹ̀ sórí ẹ̀. Kànga ilé wa gan-an wà lára àwọn tí ṣáláńgá wà nínú róbótó yẹn, àti pé apá òkè ni ṣáláńgá náà wà. Omi tí mo mu dàgbà. A ti ní kí wọ́n má fi mu mọ́ báyìí, aṣọ la fi ń fọ̀. Sátẹ́láìtì ò lè sọ fún yín bóyá omi mọ́ tó mímu, láàbù ló lè sọ ìyẹn.

Ẹ gbé e padà sílé

Mo tẹ máàpù wa sórí bébà ńlá ní Challenge, ní Ìlọrin, mo fi orúkọ Yorùbá sí gbogbo nǹkan, torí máàpù tí wọ́n bá kọ "stream 4" sí, kò sí àgbà tó máa bá yín wò ó. A tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ ní gbọ̀ngàn, wọ́n fi òkúta dí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó pẹ́ díẹ̀ kí baba kan tó fi ọ̀pá ẹ̀ kan ìlà odò kan, ó ní, "Odò yìí ò gba ibí mọ́. Látìgbà tí wọ́n ti ṣe títì yẹn ni wọ́n ti yà á gba abẹ́ kọ́fátì." Mo wo ọjọ́ tó wà lára dátà tí mo lò, SRTM ni, ti ọdún 2000, títì yẹn ò tíì sí nígbà náà. Baba ló tọ̀nà. Ibi tí mo ti pè ní ibi àkọ́kọ́ tó dáa jù, omi ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. A pa á rẹ́ níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo fi bírò pupa fa ìlà tuntun. Ìgbà tí mo padà dé Ìlọrin mo tún iṣẹ́ yẹn ṣe pẹ̀lú Copernicus DEM, mo sì fi orúkọ àwọn odò náà sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé jọ ń yà, pẹ̀lú àmì ohùn orí wọn.

Ibi méjì ló ṣẹ́ kù báyìí tá a fẹ́ kí wọ́n wọ̀n, ọ̀kan nísàlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan lẹ́bàá ìsun lẹ́yìn àkùrọ̀, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń pọn omi látijọ́. Ìparí oṣù kẹta la máa gbẹ́ èyí tó bá dáa. Kó tó dìgbà yẹn, okùn mi wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ ìyá tó ń ṣá ẹ̀gúsí yẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń sọ ọ́ sínú kànga wọn, á fi iye kókó ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ti ọ̀sẹ̀ yìí dé láàárọ̀: "Bọ̀ọ̀dá, kókó 6. Màmá ní ó dún gbúlú."